Ohùn Méjì Tí À Ń Dúró Dè

Nígbà tí oyún ọmọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó kọjá lára rẹ̀ ní àdúgbò wa tí kò sọ ọ́. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ìkòríta sọ ọ́. Ọkùnrin tó ń tún fóònù ṣe sọ ọ́ láìgbé ojú kúrò lára èyí tó tú sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Oníkẹ̀kẹ́ kan tí kò mọ̀ wá rí, tó gbé wa láti Ladi-Lak, dúró kí ọmọ mi lè rọra sọ̀ kalẹ̀, ó sì sọ ọ́ kí ó tó gbéra: "Àǹtí, a ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ o." Ọmọ mi á ṣe àmín. Èmi náà á ṣe tèmi lé e, nítorí n kò fẹ́ kí ẹyọ kan nínú àdúrà náà ṣòfò.

Wọ́n ń sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń kí ènìyàn ẹ káàárọ̀ ni. N kò rò pé púpọ̀ nínú wọn dúró ronú sí i. Èmi ronú sí i, bóyá ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìyàwó mi, ìyá ọmọ mi, ti kú láti ìgbà tí ọmọ wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àìsàn ló pa á, kì í ṣe ìbímọ. Láti ìgbà náà, èmi nìkan ni mo tọ́ ọmọ. Bó bá pẹ́ kó tó dé láti ilé ẹ̀kọ́, mo ti máa wà lójú títì kí ó tó yọ. Nígbà tó lọ́kọ, mo kọ́ ọkọ rẹ̀ ní irú oògùn ibà tí ara ọmọ mi gbà àti irú èyí tí kò gbà, ọmọkùnrin náà sì fara balẹ̀ gbọ́ mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo rí i pé ẹ̀rín ń pa á. Ìgbà tó lóyún ni oorun dá lójú mi.

Iṣẹ́ mi náà dá kún un. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Bajulaiye, ní Ṣómólú, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi kọ́ ni mo ń da ẹ̀rọ. Èmi ni mo ń ka ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀, kí àṣìṣe má bàa wọ inú rẹ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà mọ, ṣùgbọ́n ojú mi kì í sábà fo nǹkan. Ohun tí a ń tẹ̀ jù ni ìwé ètò: ti ìgbéyàwó, ti ìsọmọlórúkọ, ti ìsìnkú. Nínú ti ìsìnkú, àwòrán obìnrin tí kò dàgbà ju ọmọ mi lọ máa ń wà níbẹ̀ nígbà mìíràn, pẹ̀lú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nísàlẹ̀, àti ìlà kan ní ìparí pé ó fi ọmọ jòjòló sílẹ̀. Wọn kì í kọ ohun tó pa á. Mo ti ka irú ìlà bẹ́ẹ̀, mo ti wò ó bóyá àmì rẹ̀ pé, mo sì ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè gba àbọ̀ àdúrà. Ọkùnrin kan tó máa ń kó tàdáwà wá fún wa gbọ́ nípa oyún náà, ó ní, "A ó gbọ́ ohùn ọmọ o, Bàbá," ó sì ń jáde lọ. Mo pè é padà. Mo ní kó parí rẹ̀. Ó ní kí ni kí òun parí. Mo bi í pé ìyá ńkọ́? Àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní mo tún ti rí àṣìṣe, pé lọ́jọ́ kan mo máa ní kí pásítọ̀ tún oore-ọ̀fẹ́ kà. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà parí rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ìyá mi ló jẹ́ kí n mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìlú kan ní Òkè-Ògùn ni wọ́n bí i sí, ó sì wá lo oṣù díẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ṣómólú nígbà tí ìyàwó mi wà nínú oyún ọmọ yìí kan náà. Mo bi í pé kí ló dé tó jẹ́ ohùn ni à ń tọrọ. Kí ló dé tí a kì í sọ pé a ó rí ìyá, a ó rí ọmọ? Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló dé tí omi fi ń tutù. Ó ní ta ni yóò jẹ́ kí wọ́n rí wọn? Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, inú yàrá ni obìnrin ti ń bímọ, àwọn ìyá àgbà ilé ló ń gbẹ̀bí, wọ́n á sì ti ilẹ̀kùn. Bàbá ọmọ àti àwọn ọkùnrin tó kù á wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹnì kan á máa pọ́n àdá, ẹlòmíràn á máa hun agbọ̀n, gbogbo wọn á ṣe bí ẹni pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ọkàn wọn wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá. Ojú wọn kò wúlò fún wọn. Etí nìkan ni wọ́n ní.

Igbe ọmọ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ní agboolé tiwọn, ìyá mi ní, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ kí bàbá ọmọ nítorí igbe ọmọ nìkan. Àgbà nínú àwọn tó gbẹ̀bí á wá sí ẹnu ọ̀nà, á dúró síbẹ̀, á sì kí ìyá ọmọ lóhùn òkè pé ó kú ewu. Ìyá ọmọ ló gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Igbe tó ké nígbà tó ń rọbí kò sí nínú rẹ̀. Ohùn tó bá jáde lẹ́yìn tí ọmọ ti bọ́ sílẹ̀ ni wọ́n ń kà sí ohùn. Bó bá dáhùn, tí àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì gbọ́, ìgbà náà ni wọ́n tó lè máa kí ara wọn pé ẹ kú ewu ọmọ. Bí àgbà náà bá jáde wá láìkí ẹnikẹ́ni, kò sí àlàyé tí wọ́n tún ń bèèrè.

Bóyá ibẹ̀ ni gbogbo Yorùbá ti mú ọ̀rọ̀ náà, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Mo ti bi àwọn ará ìlú mìíràn, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ irú àṣà bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tí mo lè sọ ni pé ó bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ẹ kíyè sí i pé ìyá ló máa ń ṣáájú nínú àdúrà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn ọmọ ni etí máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Mo bi ìyá mi nípa ìyẹn náà. Ó ní àwọn tó kọ́kọ́ gba àdúrà yẹn mọ èyí tó ń bà wọ́n lẹ́rù jù.

Ilé ìwòsàn tí ọmọ mi bímọ sí wà ní òpópónà tóóró kan ní ìtòsí Pedro. Àárọ̀ ni wọ́n gbà á wọlé. Dókítà ní ọmọ dábùú nínú rẹ̀, kò sì fẹ́ yí, iṣẹ́ abẹ ló kù. Nọ́ọ̀sì kan, obìnrin tó fara balẹ̀, ṣàlàyé fún mi pé abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn tí wọ́n sábà máa ń fún aláboyún, tí yóò fi wà lójúfò, kò ní ṣeé lò fún un. Oògùn ni wọn yóò fi mú un sùn pátápátá. Mo bi í pé ṣé kò ní lè sọ̀rọ̀ rárá. Ó ní rárá, yóò sùn ni. Mo bi í pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ńkọ́? Ó ní yóò sọ̀rọ̀ bó bá jí. Mo mọ̀ pé ohun tó ní lọ́kàn ni ìgbà tó bá jí. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà dúró sí mi láyà.

Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kó jókòó. Bó bá ra èyí dé, wọ́n á ní kó lọ ra tọ̀hún. Nítorí náà, èmi àti ìyá ọkọ la wà níwájú ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ. Àlàájà ni mo máa ń pè é. Ìdílé oníṣòwò láti Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n ti bí i, aṣọ ni òun náà ń tà, ohùn rẹ̀ sì máa ń dé ibi tó ń lọ kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ó fẹ́ràn ọmọ mi bí ọmọ tó bí. Èmi ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ará òkè ni mí, pé ará òkè ló máa ń ronú títí ọbẹ̀ á fi jóná.

Lọ́jọ́ náà, ó fẹ́ bá wọn wọlé, nọ́ọ̀sì sì fi ọ̀wọ̀ dá a padà. Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé.

"Ẹ wá wò ó, bàbá ìyàwó," ó ní. "Èmi tí mo bí ọmọ márùn-ún, wọ́n ti sọ mí di ọkùnrin."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sọ ohun tí ìyá mi sọ fún mi nípa àwọn ọkùnrin tó ń pọ́n àdá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítorí mo rò pé yóò dùn mọ́ ọn. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Ó ní ó dára, ṣùgbọ́n àdúrà ni, kì í ṣe ìtàn, kí n ṣe àmín kí n sì wá jókòó. N kò jókòó. Wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn sì ń kùn lábẹ́ fèrèsé. Bí mo bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, n kò ní gbọ́ nǹkan kan. Mo fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí ọmọ ké. Igbe náà kọ́kọ́ já bí ẹni pé ọ̀fun rẹ̀ há, ó wá là gaara. Àlàájà fò dìde. Ó ṣe alihamdulilahi léraléra, ó yí sọ́dọ̀ mi, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bàbá ìyàwó, ẹ kú ewu ọmọ." Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì, tí a kò mọ̀ rí, náà ń kí wa. Kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, Àlàájà ti gbé fóònù sí etí. Ó ń sọ fún ẹni tó wà níbẹ̀ pé ọmọ ti dé, ìyá ti dé, kí wọ́n sọ fún àwọn yòókù.

N kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Mo mọ̀ pé ìwà àìmoore ni kí wọ́n kí ènìyàn ewu ọmọ kí ó dákẹ́. Mo sì mọ ìdí tí ọmọ mi fi dákẹ́. Wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, ó sì yé mi. Àmọ́ ara mi kò gbọ́ àlàyé. Etí mi ṣì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ jáde, wọ́n ti wé e sínú aṣọ funfun. Obìnrin ni. Ó gbé e lé Àlàájà lọ́wọ́. Mo bi í pé ìyá rẹ̀ ńkọ́. Ó ní wọ́n ṣì ń rán ibi tí wọ́n là, pé ó ń sùn, pé ara rẹ̀ le. Ó padà wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn ni fóònù tèmi dún. Ọ̀kan lára àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Lára àwọn tí Àlàájà pè, ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtẹ̀wé wa, ìròyìn sì ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Inú rẹ̀ dùn, ó ń pariwo. Ó ní kí n má ṣèyọnu, wọ́n ti ń to ìwé ètò ìsọmọlórúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, àwọn ló fẹ́ fi ta mí lọ́rẹ. Ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin, kí àwọn lè mọ àwọ̀ tí àwọn máa lò? Mo ní kí ó jọ̀wọ́, kí wọ́n má tíì tẹ nǹkan kan. Ó ní kí ọkàn mi balẹ̀, wọ́n máa fi pamọ́ kí n lè kà á kí àṣìṣe má sí níbẹ̀. Mo ní kì í ṣe àṣìṣe ni mo ń sọ. Mo pa fóònù.

Àlàájà tún ti ń pe ẹlòmíràn, ó gbé ọmọ sí èjìká kan, fóònù sì wà ní èjìká kejì. Mo lọ bá a.

"Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná. Ohùn kan ló kù."

Ó wò mí. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bi mí pé kí ni mo ń wí yẹn, níwájú ọmọ tuntun, pé ṣé ibi ni mo fẹ́ máa fi ẹnu mi pè? Ó ní láti àárọ̀ ni mo ti ń dúró bí ẹni tó wá gbé òkú. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì yí ojú kúrò. Mo ní kó má bínú. Mo ní n kò pe ibi, pé bí wọ́n ṣe gba àdúrà náà fún wa ni mo ṣe ń dúró dè é, kò dín, kò lé. Ó ní ẹ̀yin ará òkè yìí. Ṣùgbọ́n ó fi fóònù sínú báàgì rẹ̀, ó sì jókòó.

A wà bẹ́ẹ̀. Fóònù rẹ̀ ń dún nínú báàgì, àwọn tó ti pè ń pe padà láti kí i, kò sì gbé e. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọkọ ọmọ mi, wọlé pẹ̀lú ọ̀rá oògùn lọ́wọ́, ó rí ọmọ, ó rẹ́rìn-ín, ó wò wá, ẹ̀rín náà kúrò lójú rẹ̀. Ó gbé oògùn fún nọ́ọ̀sì lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n sì tún rán an lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Nígbà tó lọ tán, Àlàájà sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní láti kúrò lára ògiri kí n tó lè gbọ́ ọ.

"Ẹ rò pé n kò mọ̀ pé ohùn kan ló kù? Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo."

Ó ní àbúrò òun obìnrin ló ń bímọ, nílé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, nígbà tí òun fúnra òun kò tíì lọ́kọ. Ọmọ ké. Ìyá wọn ní kí gbogbo ilé dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ti àbúrò náà. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n dákẹ́ títí wọ́n fi ń gbọ́ omi tó ń kán láti inú páìpù ẹ̀yìnkùlé, ohùn àbúrò náà kò sì wá. Ó ní láti ọjọ́ yẹn, òun kì í lè dákẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń bímọ, òun á sọ̀rọ̀, òun á kọrin, òun á bá ènìyàn jà, ohunkóhun tí kò bá ti jẹ́ ìdákẹ́jẹ́. Ó ń fọwọ́ lu ọmọ lẹ́yìn pẹ́pẹ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

Fún ìgbà pípẹ́ ni mo ti gbà pé èmi nìkan ni mo ń bẹ̀rù ní ìdílé méjèèjì, pé ìfẹ́ tí Àlàájà ní sí ọmọ mi jẹ́ irú èyí tí kò ní àníyàn nínú. Mo lọ jókòó tì í. Mo ní kí ó máa sọ̀rọ̀ lọ bó bá ń ràn án lọ́wọ́. Ó ní kò sí ohun tí òun fẹ́ sọ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ilẹ̀kùn ṣí. Nọ́ọ̀sì ní ó ti jí. Mo ti dìde kí ó tó parí ọ̀rọ̀. Mo bi í pé ṣé ó ti sọ̀rọ̀. Ó ní Bàbá, ó ti jí, ó la ojú, ó mọ ibi tó wà, wọ́n máa gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù láìpẹ́, a ó lè rí i níbẹ̀. Mo ní mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ṣé ó ti sọ̀rọ̀? Bóyá ohun tó wà lójú mi ló rí, n kò mọ̀. Ó ní n kò lè wọlé. Ó tún ní òun kò ní ti ilẹ̀kùn.

Ẹsẹ̀ ibùsùn nìkan ni mo lè rí láti ibi tí mo dúró sí, àti aṣọ aláwọ̀ ewé tó bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbé ohùn sókè kí ó borí jẹnẹrétọ̀. Mo ní, "Ọmọ mi, o kú ewu o."

Kò sí èsì. Lẹ́yìn mi, ọwọ́ Àlàájà dúró lẹ́yìn ọmọ. Mo tún un sọ.

"Dádì." Ohùn náà há, ó sì gbẹ, bí ohùn ẹni tó ti pariwo ní pápá láti àárọ̀. Ó dúró díẹ̀ kí ó tó rí agbára sọ ìyókù. "Mo mọ̀ pé orí ìdúró lẹ wà. Ẹ lọ jókòó."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi, mo sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, láti orí Dádì dé orí jókòó, n kò sì ní kó tún nǹkan kan ṣe nínú rẹ̀.

Mo yí sẹ́yìn. Mo ní, "Àlàájà, ẹ kú ewu ọmọ."

Ó la ẹnu láti dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó mi orí, ó tún mi í, omi ń dà lójú rẹ̀ sórí aṣọ funfun náà. Mo na ọwọ́, mo gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó lè rí àyè sunkún dáadáa, mo sì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì bí wọ́n ṣe rán mi. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú ọmọ náà. Ó ń sùn.